Àjíǹde Ara Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìfun Ńlá: Ètò Ìtọ́jú àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Gbé E Kalẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Bí ẹnì kan bá ń ti orí àìsàn dìde láàárín àwa Yorùbá, ohun tí a máa ń sọ fún un ni pé, 'Àjíǹde ara á jẹ́.' Àdúrà ni ìkíni yìí, tọkàntọkàn ni a sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ti ń fi hàn pé àjíǹde ara ju ohun tí à ń tọrọ lásán lọ. Iṣẹ́ ni pẹ̀lú, iṣẹ́ tí a lè là sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí a lè pín fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tí a sì lè wọ̀n bóyá ó yọrí tàbí kò yọrí. Orí iṣẹ́ abẹ ìfun ńlá àti ìfun ìdí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi èyí hàn.

Ohun méjì ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti ṣàlàyé ètò ìtọ́jú náà: bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti ìdí tí ó fi ń dín ikú àti ìnira kù. Èkejì ni láti fi hàn pé púpọ̀ nínú ètò náà kì í ṣe ohun tí owó ńlá ń rà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni a fi ń gbé e lé aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ bá sì ti ṣì, ètò náà yóò ṣì pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kókó yìí fi kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Àwọn tí a ní lọ́kàn jù lọ ni àwọn ènìyàn Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú Etí-Omi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ kò mọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

2.0 Ìfun ńlá àti ohun tí ń mú kí a gé e

Ìfun ńlá ni apá ìkẹyìn nínú ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà kọjá nínú ara. Ìsàlẹ̀ ikùn ní apá ọ̀tún ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó gòkè, ó dábùú ikùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ ní apá òsì títí ó fi di ìfun ìdí. Gígùn rẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa omi tí ó kù nínú oúnjẹ padà sí ara, kí ó sì kó ìyókù jọ di ìgbẹ́. Kòkòrò tín-tìn-tín tí ó wà nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá wà nínú ìfun, wọn kò ṣe ibi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jò sínú ikùn, wọ́n lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Oríṣiríṣi nǹkan ni ó lè mú kí dókítà gé lára ìfun yìí: jẹjẹrẹ, ìfun tí ó lọ́ pọ̀, ìfun tí ó lu, tàbí ìfarapa láti inú ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìbọn. Nígbà kan, àwọn onímọ̀ gbà pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ tí ó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà, kọ ọ́ ní ọdún 1971 pé oúnjẹ wa tí ó ní ṣákítí púpọ̀ ni ó ń dáàbò bò wá. Àwọn dókítà ilẹ̀ wa kò fi ojú ohun tí ó ṣọ̀wọ́n wò ó mọ́ lónìí. Láti ọdún 2013 ni ẹgbẹ́ ìwádìí kan tí a mọ̀ sí ARGO, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti ń ṣe ìwádìí lórí àrùn yìí láàárín àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè ti kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú àmì jẹjẹrẹ ìfun ìdí ni kí ẹ̀jẹ̀ máa bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní orúkọ fún ohun tí ń ṣe ìdí báyìí: jẹ̀díjẹ̀dí ni. Orúkọ náà ti mú àlàyé tirẹ̀ lọ́wọ́, pé ohun dídùn ni ó fà á. Ó sì ti mú oògùn tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí í ṣe àgbo. Ẹni tí ó bá ti ní orúkọ, àlàyé àti oògùn fún àìsàn rẹ̀ kò ní ìdí láti lọ rí dókítà. Ó lè mu àgbo fún oṣù mélòó kan kí ìfun tó dí, kí a tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú ikùn wíwú. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì sì léwu ju èyí tí a múra sílẹ̀ fún lọ. Àjíǹde ara lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ti ń bàjẹ́ kí ọ̀bẹ tó kan ara rárá.

3.0 Ìgbà wo ni ewu wà?

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni ewu wà. Bí aláìsàn bá ti jí, a ti borí. Ìwádìí kò fara mọ́ èrò yìí. Ní ọdún 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 11,422 tí a ṣe iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi fún ní ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà. Ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó kú, èyí sì tó ìlọ́po méjì ti àgbáyé. Nínú àwọn 239 tí ó kú, 225 ni ó jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kú. Ní ọdún 2021 ni ìwádìí mìíràn jáde lórí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ, tí ìfun ńlá wà lára rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè 82. Ó fi hàn pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè olówó àti orílẹ̀-èdè tálákà nínú iye aláìsàn tí ìṣòro ń bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò pọ̀. Ibi tí ìyàtọ̀ ńlá wà ni iye àwọn tí ń kú lẹ́yìn tí ìṣòro bá ti bá wọn. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ìṣòro ń bá tọ̀tún-tòsì, ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í tètè rí i, tàbí a rí i tí a kò rí ohun tí a lè fi yanjú rẹ̀.

Mẹ́rin ni ìṣòro tí ó ṣe pàtàkì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun ńlá. Èkíní ni kí ojú ibi tí a ti so ìfun pọ̀ máa jò. Èkejì ni kí ojú ọgbẹ́ kẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí ìfun má jí, kí ikùn máa wú, kí aláìsàn sì máa bì. Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ń fà: òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀, àti àárẹ̀ tí ń jẹ ẹran ara. Ètò tí a fẹ́ ṣàlàyé yìí dojú kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

4.0 Bí ètò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Henrik Kehlet, oníṣẹ́ abẹ ọmọ orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Ìbéèrè tí ó wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kò le: bí iṣẹ́ abẹ bá ti yọrí, kí ni ó tún ń dá aláìsàn dúró sórí ibùsùn? Ìrora ni, àti ìfun tí kò tíì jí, àti rọ́bà tí a kì sí imú àti ojú ìtọ̀, àti omi dírípù tí ó pọ̀ jù, àti ìdùbúlẹ̀ gan-an. Kehlet rí i pé àwọn dókítà fúnra wọn ni ó ń fa púpọ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí nítorí àṣà àtijọ́. Ní ọdún 1997 ni ó kọ ọ́ pé bí a bá bá gbogbo wọn jà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara yóò tètè jí. Ní ọdún 1999, òun àti Mogensen ṣàlàyé àwọn aláìsàn díẹ̀ tí a gé ìfun wọn tí ọ̀pọ̀ wọn sì padà sílé láàárín ọjọ́ méjì.

Láti ọdún 2001 ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Yúróòpù, tí Ken Fearon ará Skọ́tílándì àti Olle Ljungqvist ará Swídìn jẹ́ aṣáájú wọn, ti kó ara wọn jọ láti sọ èyí di ìlànà. Ní ọdún 2010 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tí a ń pè ní ERAS sílẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni Varadhan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìwádìí mẹ́fà pọ̀, tí aláìsàn 452 wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé ètò náà dín ìṣòro lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun kù tó bí ìdajì, ó sì dín ọjọ́ tí aláìsàn ń lò ní ilé ìwòsàn kù ní ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ ERAS gbé ìlànà mìíràn jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ owó.

5.0 Kí ó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ

Bí a kò bá kánjú gbé aláìsàn wá, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. A ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí kò bá tó, a ó wá nǹkan ṣe sí i. A ó jẹ́ kí ó máa jẹ ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà kí ara rẹ̀ lè le. Bí ó bá ń mu sìgá tàbí ọtí, yóò dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. A ó sì sọ fún un, òun àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ERAS fi ìsọfúnni yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí pé aláìsàn tí kò mọ ohun tí a ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe é.

Ní ti ebi kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, àṣà àtijọ́ ni kí aláìsàn má fi ohunkóhun kan ẹnu láti ọ̀gànjọ́ òru. Ìdí wà fún èyí. Ní ọdún 1946 ni Curtis Mendelson, dókítà kan ní New York, ṣàlàyé bí ohun tí ó wà nínú ikùn ṣe lè gba ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí a ti fi oògùn kùn lóorun. Ṣùgbọ́n ìwádìí ti fi hàn lẹ́yìn náà pé omi kì í pẹ́ nínú ikùn bí oúnjẹ. Nítorí náà ni ìlànà òde òní fi sọ pé oúnjẹ yóò dúró ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹni tí ìfun rẹ̀ kò dí lè mu omi títí di wákàtí méjì ṣáájú. Ebi àti òùngbẹ tí ó gùn jù a máa dá ara lágara kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ó ti sọ èyí ní Yorùbá. Bí nọ́ọ̀sì bá wí pé, 'Ẹ má jẹun, ṣùgbọ́n ẹ lè mu nǹkan,' ó rò pé òun ti sọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Kò sọ ọ́. Nínú èdè wa, à ń mu ẹ̀kọ, à ń mu gàrí, à ń mu ọsàn. Nínú ìwé dókítà, oúnjẹ ni ẹ̀kọ àti gàrí. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ náà 'jẹun.' Ẹni tí ó mu ẹ̀kọ tí ó sì fi àkàrà méjì tì í ní òwúrọ̀ lè dáhùn pé, 'Èmi kò tíì jẹun,' nítorí pé lójú rẹ̀ ìpanu ni ó ṣe. Oúnjẹ ni iyán, ẹ̀bà tàbí ìkọ́kọrẹ́. Kò purọ́. Èdè rẹ̀ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ lórí tábìlì.

Ọ̀nà àbáyọ kò ṣòro. Ohun tí a ó sọ ni pé: 'Láti aago báyìí, ẹ má fi ẹ̀kọ, gàrí, mílíìkì, èso tàbí ohunkóhun tí a ń jẹ kan ẹnu. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu, ẹ kò sì gbọdọ̀ mu ọtí, kódà bí ó bá mọ́ gaara bí omi.' Ní òwúrọ̀, a kò ní béèrè bóyá ó ti jẹun. A ó béèrè pé, 'Kí ni ó wọ ẹnu yín kẹ́yìn, aago mélòó sì ni?'

6.0 Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ dókítà pọ̀ níhìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wọ́n. Oògùn tí ń pa kòkòrò yóò wọ inú iṣan láàárín wákàtí kan ṣáájú kí a tó fi abẹ kan ara. A kò ní jẹ́ kí otútù mú aláìsàn. A kò sì ní fi omi dírípù kún un lára ju bí ó ti yẹ lọ: ní ọdún 2002, Lobo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí kékeré kan pé iyọ̀ àti omi tí ó pọ̀ jù ń mú kí ìfun pẹ́ kí ó tó jí. Ìlànà àyẹ̀wò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2008, tí a ń kà sókè nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ tí a ti kọ́kọ́ dán an wò káàkiri àgbáyé, iye àwọn tí ó kú sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀kọ́ tí ó kan wá jù lọ ti inú ìwádìí méjì wá, èyí tí Nàìjíríà àti Benin jẹ́ ara orílẹ̀-èdè méje tí a ti ṣe wọ́n. Ti àkọ́kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2021, dán òwú ìránṣọ-ara kan wò tí a fi oògùn apakòkòrò sí. Òwú náà kò dín ọgbẹ́ kíkẹ̀ kù. Ti èkejì, tí ó jáde ní ọdún 2022, béèrè ohun tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí dókítà àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti lò sílẹ̀, tí wọ́n wọ òmíràn, tí wọ́n sì mú irinṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tó rán ikùn pa, ǹjẹ́ yóò ṣe ìyàtọ̀? Ó ṣe é. Ọgbẹ́ kíkẹ̀ dín kù láti ìdá 18.9 sí 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bí ẹni mẹ́ta ni ìbọ̀wọ́ tuntun gbà sílẹ̀.

7.0 Orí ibùsùn

Bí aláìsàn bá jí, àkókò tí ìlànà náà yàtọ̀ sí àṣà wa jù lọ dé. A ó yọ rọ́bà imú bí a ti ń parí iṣẹ́ abẹ, bí kò bá sí ìdí pàtàkì fún un. Rọ́bà ìtọ̀ kì í pẹ́ lára rẹ̀. Yóò dìde jókòó ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì, yóò sì máa rìn lẹ́yìn náà lójoojúmọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kejì bí kò bá máa bì.

Ọ̀rọ̀ tí ń ba èyí jẹ́ ni 'sinmi.' Bí dókítà bá wí pé, 'Ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi,' ohun tí àwọn ọmọ gbọ́ ni pé kí bàbá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan. Ìfẹ́ yóò mú kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ lórí ìdùbúlẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ẹni tí ó fẹ́ gbé e dìde jà. Ìtọ́jú ni lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí kò na ara ń kó òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ tí kò rìn ń dì. A gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní kedere pé oògùn ni ìrìn, bí abẹ́rẹ́ ti jẹ́ oògùn. Àwọn ọmọ kan náà ni a ó sì fi ṣe olùrànlọ́wọ́ tí yóò di apá rẹ̀ mú.

Ìrora ni èkejì. Ẹni tí ó ń pa ìrora mọ́ra nítorí pé akọni kì í sunkún kò ní lè mí kanlẹ̀, kò ní lè wúkọ́, kò sì ní fẹ́ dìde. Èdè wa ní ọrọ̀ tí a lè lò níhìn-ín: 'ó ń ta mí' yàtọ̀ sí 'ó ń lọ́ mi nínú,' èyí sì yàtọ̀ sí 'gbogbo ikùn ni ó le.' Àkọ́kọ́ lè jẹ́ ti ojú ọgbẹ́ lásán. Ìkẹyìn lè jẹ́ àmì pé ìfun ń jò. Nọ́ọ̀sì tí ó bá kọ gbogbo wọn sílẹ̀ bí 'ìrora' kan ṣoṣo ti sọ ohun tí aláìsàn fún un nù.

Ẹ̀kẹta ni isó. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń sọ láwùjọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun, kò sí ìròyìn tí ó dùn mọ́ dókítà tó pé aláìsàn ti só. Àmì pé ìfun ti jí ni. Àgbàlagbà tí nọ́ọ̀sì tí ó kéré sí ọmọ rẹ̀ bá béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ìtìjú sọ pé rárá. Bí nọ́ọ̀sì bá sì yí i sí 'atẹ́gùn,' aláìsàn lè rò pé gígùnfẹ̀ ni ó ń béèrè. Ohun tí ó yẹ ni kí a ti sọ fún un kí ó tó wọlé pé a ó máa béèrè ọ̀rọ̀ yìí, kí a sọ ìdí rẹ̀, kí a sì fi ọ̀wọ̀ béèrè rẹ̀: 'Ẹ má bínú, bàbá, ṣé ẹ ti só?'

8.0 Nígbà tí aláìsàn bá padà sílé

Ibí yìí ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí a má ṣe gbé ètò Dẹ́ńmáàkì wọ̀ bí ẹ̀wù àgbàwọ̀. Ọjọ́ méjì kì í ṣe àfojúsùn fún ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Abígi tàbí Ìwópin. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, wà ní Ṣàgámù. Ẹni tí ó bá ti etí omi wá lè wọ ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ilẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀. Ìsopọ̀ ìfun sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, márùn-ún, tàbí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bí a bá tètè dá aláìsàn padà sí ibi tí kò ti lè tètè padà wá, a kò ṣe é lóore. Ohun tí a ní láti mú nínú ètò náà ni kí ara tètè jí; ọjọ́ tí yóò padà sílé yóò tẹ̀lé bí ọ̀nà rẹ̀ ti jìn tó.

Ohun tí ó gbọ́dọ̀ bá a lọ sílé ni àmì ewu, ní ọ̀rọ̀ tí ẹni tí kò mọ̀wé lè rántí: ara gbígbóná tàbí ìgbọ̀nrìrì, àyà tí ń sáré, ikùn tí ó ń wú tàbí tí ó le, èébì tí kò dá, ọgbẹ́ tí ń ṣọyún tàbí tí ń rùn, ẹsẹ̀ kan tí ó wú. Bí ọ̀kan bá yọjú, kò sí àgbo, kò sí 'ẹ jẹ́ kí a wò ó di ọ̀la.' Ẹni tí a bá sì ṣe ojú ìgbẹ́ sí ikùn rẹ̀ nílò ju àpò lọ. Ó nílò kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ti rí i kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá fún ìgbà díẹ̀ ni tàbí títí láé. Láìsí èyí, ìtìjú lè mú kí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kí ó má sì padà wá mọ́.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ewu tí ó pọ̀ jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìfun ńlá kò sí nínú wákàtí tí ọ̀bẹ ń ṣiṣẹ́, bí kò ṣe nínú àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. A ti rí i pé ètò kan wà tí ó ń dín ewu náà kù, àti pé ìbọ̀wọ́ tuntun, omi mímu, ìrìn àti oúnjẹ wà lára àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. A sì ti rí i pé 'jẹ̀díjẹ̀dí,' 'mu,' 'jẹun,' 'sinmi' àti 'só' lè sọ ètò náà di asán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi.

Ohun mẹ́ta ni a dábàá. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè àti àwọn ilé ìwòsàn jọ kọ ìlànà náà ní Yorùbá tí a ti dán wò lẹ́nu àwọn aláìsàn, kì í ṣe èyí tí a tú láti inú ìwé nìkan. Kí a kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Etí-Omi àti Ìjẹ̀bú-Igbó ń lò fún ikùn, ìgbẹ́ àti ìrora sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ti ibòmíràn wá. Ẹ̀kẹta, kí ó di àṣà pé lẹ́yìn àlàyé, a kò ní béèrè pé, 'Ṣé ó yé yín?' nítorí ọ̀wọ̀ yóò mú kí gbogbo ènìyàn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí a ó wí ni pé, 'Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹ ó ti sọ ọ́ fún àwọn ará ilé.' Ibi tí ó bá ti ṣì ni a ó ti tún un ṣe, kí aláìsàn tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.